Tẹmomítà Lábíyá Yàrá

Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ní Jọ́ọ̀sì,
níbi tí súwẹ́tà ti jẹ́ aṣọ oṣù Agẹmọ,
tí òógùn kì í yọ lára ẹni tí kò bá gbé ẹrù.
Ara mi ti mọ òtútù lójú, ó ti kúndùn rẹ̀.
Nígbà tí ìjọba ní kí n máa lọ sílé,
mo di fóòmù kan, àpótí méjì,
àti orúnkún tó ń sọ tẹ́lẹ̀ bí òjò bá fẹ́ rọ̀,
mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ìlú tí mo ń kí látòkèèrè.

Ilé bàbá mi? Ẹ má dárúkọ rẹ̀.
Àwọn ọmọ ìyá kejì ti sọ ọ́ di ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin,
wọ́n ń ta ìṣó níbi tí wọ́n ti sọ mí lórúkọ.

Ọ̀kẹ́ mẹ́jọ náírà ni agbára mi mọ lọ́dún.
Mo sọ fún Oyèníran, èjẹ́ńtì tí ọ̀kadà rẹ̀ kò ní dígí:
"Yàrá tí ooru kò ní pa mí ní Ẹrẹ́nà,
tí ọyẹ́ kò ní la ètè mi ní Ọ̀pẹ."
Ó wò mí bí ọmọdé tó ní kí wọ́n bá òun ká òṣùpá.
Ó ní, "Màmá, ẹ gorí ọ̀kadà."

Tákìé la kọ́kọ́ dé.
Páànù lórí, kò sí àjà,
fèrèsé kan ṣoṣo kọjú sí ògiri aládùúgbò.
Mo yọ tẹmomítà iṣẹ́ mi, mo gbọ̀n ọ́n,
mo tì í bọ kọ̀rọ̀ yàrá bí ẹní tì í bọ abíyá aláìsàn.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Ó ku ẹyọ kan kó pé ogójì.
Mo ní, "Oyèníran, yàrá yìí ní ibà.
Wọ́ọ̀dù ló yẹ ká gbé e lọ."

Ní Ọ́ńdà-Jíì, afẹ́fẹ́ ń fẹ́ bí ẹni ń rẹ́rìn-ín,
ṣùgbọ́n àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti gbówó lé e:
ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, owó àgírímẹ́ńtì lọ́tọ̀,
ti èjẹ́ńtì lọ́tọ̀. Ilẹ̀ ló ń wò nígbà tó sọ ìyẹn.
Mo dúró díẹ̀ lójú fèrèsé,
mo mí èyí tí n kò sanwó fún sínú.

Ní Ìsàlẹ̀-Afọ́n, yàrá tutù. Ó tutù jù.
Omi ọdún tó kọjá ti fi ìlà sára ògiri
níbi tí orí mi yóò wà bí mo bá sùn.
Onílé ní ọ̀dà yóò bò ó.
Ọ̀dà kì í dí ẹnu odò.

Ọjọ́ kẹsàn-án, epo Oyèníran ń tán, sùúrù rẹ̀ náà ń tán.
"Màmá, ojú ọjọ́ tí ẹ ń wá yìí, ọ̀run ló wà."
"Ọ̀run kọ́. Jọ́ọ̀sì ni.
Ṣùgbọ́n òpópónà tí mo gbé ti jóná."
Kò sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé Ìjẹ̀rù.

Lẹ́yìn igi máńgòrò mẹ́ta, ilé alámọ̀ kan,
ògiri rẹ̀ nípọn tó ìgbọ̀nwọ́ mi,
irú èyí tí àwọn ọmọ onílé ń tijú rẹ̀.
Alàgbà Oyètòrò jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ẹsẹ̀ kan nínú báńdéèjì.
Mo ti tẹmomítà bọ ihò ògiri. Ọ̀sán gangan ni o.
Fàdákà inú rẹ̀ kò gbéra nílẹ̀.

Òrùlé ń jò níbi méjì, eku ń ṣèpàdé lájà.
Ọ̀kẹ́ mẹ́rin, bàbá ní,
bí mo bá máa bá òun wẹ egbò yìí láràárọ̀.
Mo tú báńdéèjì. Mo gbóòórùn rẹ̀. Egbò àtọ̀gbẹ.
"Ọ̀kẹ́ mẹ́ta," mo ní, "ẹ ó sì jáwọ́ nínú mínírà."

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo kó wọlé, òjò àkọ́rọ̀ dé.
Korobá síbi ìkíní, abọ́ síbi ìkejì;
orúnkún ti sọ fún mi láti ìrọ̀lẹ́.
Nígbà tó dá, mo gbọ̀n tẹmomítà,
mo fi sí abíyá ti ara mi.
Ìṣẹ́jú mẹ́ta. Mẹ́tàdínlógójì.
N kò kọ ọ́ síbì kankan. Mo sùn.